Bí Ọmọ Yín Bá Gbé Ẹ̀wù Ogun Oníke Wọlé



 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lórí ojú ewé yìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Ó jẹ mọ́ ẹ̀wù ogun. Kì í ṣe ẹ̀wù tí ológun gidi ń wọ̀, bí kò ṣe èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ike tàbí fóòmù ṣe, tí wọ́n fi ń fara wé àwọn jagunjagun inú fíìmù tó ń sọ ìtàn ayé ọjọ́ iwájú, níbi tí ọkọ̀ ti ń fò láàárín àwọn ìràwọ̀. Bí ẹ bá ní ọmọ tó ti ń bàlágà nínú ilé, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti bá a níbi tó ti ń wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Bí kò bá tíì béèrè fún ẹ̀wù náà lónìí, ó lè béèrè fún un lọ́la. Kí ni ẹ ó sọ fún un?

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí mọ ohun tí èmi kọ́kọ́ sọ. Mo ní kí ó gbé e jáde kúrò nínú ilé mi.

ÀPÓTÍ TÓ TI LỌ́ŃDỌ̀NÙ DÉ

Àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi àpótí náà ránṣẹ́ sí ọmọ wa ọkùnrin, ẹni ọdún 17. Ọmọ náà ti parí ẹ̀kọ́ girama, ó wà nílé pẹ̀lú wa ní Kubwa, níbí ní Àbújá, ó ń retí àtiwọ yunifásítì. Nígbà tí a tú àpótí náà, ike funfun ló kún inú rẹ̀: ti àyà, ti ẹ̀yìn, ti apá, ti itan, ti ojúgun, àti àṣíborí kan tó ní ojú dúdú méjì. Bí mo ti rí ojú yẹn ni ọkàn mi lọ sí ọ̀dọ̀ eégún. Mo ní ilé Mùsùlùmí ni ilé yìí, a kì í gbé ẹ̀kú eégún wọ inú rẹ̀. Ọmọ náà kò jà, kò sì fèsì. Ó kó gbogbo rẹ̀ padà sínú àpótí, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ló dùn mí jù. Ó ti tó ọdún kan nígbà náà tí ọ̀rọ̀ èmi pẹ̀lú rẹ̀ kò kọjá “ẹ káàárọ̀, sà” àti “ṣé o ti kírun?”

Ìyá rẹ̀ ló bá mi sọ̀rọ̀ lóru. Ó ní, “Alhaji, ẹ ti dájọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì bi ọmọ náà pé kí ni nǹkan ọ̀hún.” Òótọ́ ló sọ. N kò bi í. Ní ọjọ́ kejì mo lọ bi Alfa wa, mo sì padà wá bi ọmọ mi. Ohun tí mo gbọ́ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín, kí ẹ má baà ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe.

KÍ NI Ẹ̀WÙ YÌÍ GAN-AN?

Ní ọdún 1977 ni ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ George Lucas gbé fíìmù Star Wars jáde. Nínú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ọba aninilára kan wà, tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Stormtrooper ni wọ́n ń pè wọ́n. Twickenham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Andrew Ainsworth ti fi ike ṣe àwọn àṣíborí àti ẹ̀wù tí wọ́n lò nínú fíìmù náà. Wọn a kọ́kọ́ ṣe àwòṣe ohun tí wọ́n fẹ́. Wọn a wá fi iná rọ pátákó ike títí yóò fi dẹ̀, wọn a tẹ́ ẹ lé àwòṣe náà lórí, ẹ̀rọ yóò sì fa afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ jáde. Ike náà yóò lẹ̀ mọ́ àwòṣe náà pẹ́kípẹ́kí, bí ó bá sì ti tutù, ó ti gba ìrísí rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe àwọn ike inú àpótí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ tò ó fúnra wọn.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni. Nígbà tí fíìmù The Force Awakens jáde ní ọdún 2015, ọmọ Yorùbá ni ojú tó yọ lábẹ́ àṣíborí funfun yẹn. John Boyega ni, tí àwọn òbí rẹ̀ ọmọ Nàìjíríà bí sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1992. Ní ìlú Èkó pẹ̀lú, láti ọdún 2012 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àpéjọ tí wọ́n ń pè ní Lagos Comic Con, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wọ irú aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe.

Àwọn tó ń wọ ẹ̀wù funfun yìí ní ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ 501st Legion. Albin Johnson, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ló dá a sílẹ̀ ní 1997. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà máa ń wọ ẹ̀wù wọn lọ kí àwọn ọmọdé aláìsàn ní ilé ìwòsàn, wọn kì í sì í gba owó iṣẹ́ sápò ara wọn. Nígbà tí ọmọbìnrin Johnson fúnra rẹ̀ ní àìsàn inú ọpọlọ, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ kékeré kan bíi ti inú fíìmù náà fún un, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ tí ọmọdébìnrin máa ń fẹ́. Ọmọ náà kú ní 2005, kò ju ọmọ ọdún méje lọ. Nígbà tí ọmọ mi sọ ìtàn yìí fún mi, mo mọ̀ pé ohun tó ń wò kì í ṣe eré lásán bí mo ti rò.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WÍ

Alfa wa kò dá mi lóhùn ní kíákíá. Ó kọ́kọ́ sọ ìtàn kan tó wà nínú àkójọ hádíìsì Abu Dawud. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ìrìn àjò ogun dé. Atẹ́gùn fẹ́ aṣọ ìkélé, ó sì rí àwọn ọmọlangidi Aisha, ìyá àwa onígbàgbọ́. Ẹṣin kan wà láàárín wọn tí a fi àkísà ṣe ìyẹ́ méjì fún. Ó bi í pé kí ni ìwọ̀nyí. Ó bi í pé kí ni èyí tó wà láàárín. Ó tún bi í pé kí ló wà lára rẹ̀. Aisha dáhùn pé ìyẹ́ ni, ó sì bi Ànábì bóyá kò gbọ́ pé Ànábì Sulaimana ní àwọn ẹṣin oníyẹ̀ẹ́. Ànábì rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí èrìgì rẹ̀ fi hàn síta.

Alfa ní, “Ìbéèrè mẹ́ta ni Ànábì bi kí ó tó sọ ohunkóhun. Ìwọ ńkọ́?” Mo dorí kodò.

Ó wá ṣàlàyé. Ohun tó burú nínú eégún ni ìgbàgbọ́ pé òkú ọ̀run ló sọ̀kalẹ̀, tí ènìyàn ń kúnlẹ̀ fún, tí wọ́n ń tọrọ ọmọ àti owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀wù oníke. Lórí àwòrán àti ère, àwọn onímọ̀ kò fi ohùn ṣọ̀kan nípa gbogbo ẹ̀ka rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ni èyí, wíwọ̀ ni à ń wọ̀ ọ́. Ohun tí ó ní kí n wò ni mẹ́ta: ṣé kò ní gba àkókò ìrun, ṣé owó rẹ̀ kò ní di ìnáàpà, ṣé kò sì ní fi dẹ́rù ba ènìyàn tàbí tan ẹnikẹ́ni jẹ?

(Ẹ ó rẹ́rìn-ín bí ẹ bá gbọ́ pé ilé ẹjọ́ pàápàá ti jókòó lórí bóyá ère ni àṣíborí yìí. Ilé-iṣẹ́ tó ni fíìmù náà pe Ainsworth lẹ́jọ́, ẹjọ́ ọ̀hún sì dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù keje ọdún 2011, àwọn adájọ́ ní kì í ṣe ère, ohun èlò tí a fi ṣe fíìmù ni. Ẹjọ́ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n dá o, kì í ṣe ti ẹ̀sìn.)

Lẹ́yìn èyí ni Alfa rán mi létí Ànábì Dauda. Nínú Sūratu Saba’i, ẹsẹ 10 àti 11, Ọlọ́hun sọ bí Ó ti rọ irin fún un, tí Ó sì pa á láṣẹ pé kí ó fi ṣe ẹ̀wù ogun tó kún, kí ó ṣe òdiwọ̀n ojú ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bó ti yẹ, kí wọ́n sì máa ṣe rere. Ẹ kíyè sí i: Ànábì Ọlọ́hun ni, ọba ni, síbẹ̀ a sọ fún un pé kí ó wọn nǹkan dáadáa.

Ẹ̀wù irin kò ṣàjèjì nínú ìtàn wa. Ẹ̀wù irin Sayyidinā Ali ni ó fi san sọ̀dáàkí nígbà tí ó fẹ́ Fatimah, ọmọ Ànábì. Nígbà tí Ànábì wa fúnra rẹ̀ sì fi ayé sílẹ̀, ẹ̀wù irin rẹ̀ wà ní dógò lọ́dọ̀ Júù kan nítorí òṣùwọ̀n ọkà báálì 30 tí ó rà fún oúnjẹ ilé rẹ̀. Ní òkè ọya pẹ̀lú, nígbà tí Dixon Denham dé ilẹ̀ Borno ní 1823, ó rí àwọn ẹlẹ́ṣin Séèù el-Kanemi nínú ẹ̀wù onírin. Nínú ìwọ́de ẹlẹ́ṣin ọdún Iléyá ní Kano, wọ́n ti máa ń rí àwọn tí wọ́n ń pè ní ’Yan Lifida, tí wọ́n wọ ẹ̀wù fífẹ̀ tí a kì ní òwú kí ọfà má baà wọlé.

BÍ A ṢE TÒ Ó

Mo padà sílé, mo ní kí ọmọ náà gbé àpótí wá sí pálọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni iṣẹ́ náà gbà wá, láàárín ìrun Alaasari àti Magiribi, àti ní ọjọ́ Sátidé. Bí ilé yín bá fẹ́ dán an wò, ẹ̀kọ́ tí a kọ́ nìyí.

Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n. Ike inú àpótí kì í bá ara ẹnikẹ́ni mu bí ó ti wà. Wọ́n dá a sí títóbi kí olúkúlùkù lè gé e mọ́ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ aṣọ dúdú tí yóò wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi téèpù télọ̀ wọn apá, itan àti ojúgun rẹ̀, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ara ike. Ọmọ mi kò ní sùúrù yìí ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ó dá gé ike ojúgun ọ̀tún ní yàrá rẹ̀. Nígbà tí ó wé e mọ́ ẹsẹ̀, àlàfo tó fẹ̀ tó ìka méjì ló kù lẹ́yìn. Ike tí a ti gé kì í hù padà. Ó gbé e wá bá mi tojútìtojúti, ó rò pé n ó bú òun. Mo rántí Sūratu Saba’i, mo kàn ní, “Ó dára, ẹ jẹ́ kí á wọ̀n ọ́n.”

Ìkejì ni gígé. Ẹ má ṣe fi agbára ti ọ̀bẹ. Ẹ fa ọ̀bẹ tó mú wẹ́rẹ́ lórí ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ ike náà, yóò kán lójú ìlà. Fún ibi tó bá kọ́lọ, àlùmọ́gàjí kékeré ló dára. Ẹ máa gé e sí ìta ìlà ná, nítorí èyí tó ṣẹ́ kù ṣeé dín, èyí tó ti lọ kò ṣeé fi kún un. Kí ẹ fi sáńpépà dán etí rẹ̀, kí ó má baà gé ọmọ lára.

Ìkẹta ni lílẹ̀. Gáàmù méjì ló wà. Ọ̀kan ń gan lójú ẹsẹ̀. Ìkejì ń gba odidi ọjọ́ kan. Èyí tó pẹ́ ni kí ẹ lò, nítorí bí ẹ bá ṣì í lẹ̀, ẹ lè rọra bó o kúrò. Èyí tó yá kì í dárí jini. Ẹ fi ọ̀já ike tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn ojú ibi tí ike méjì ti pàdé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ méjèèjì, kí ẹ sì fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ dì í mú di ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tún ojúgun tó bàjẹ́ ṣe: a gé ọ̀já tó fẹ̀ nínú àjẹkù ike, a fi dí àlàfo náà.

Àjẹkù ike kì í ṣe ohun ìdànù. Bí ẹ bá rẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́ sínú ìgò kékeré, tí ẹ sì da asitóònù sí i, ìyẹn omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, yóò yọ́ di lẹ́ẹ̀ funfun tí ẹ lè fi dí ojú ibi tó là. Ṣùgbọ́n omi yìí kan náà ni yóò jẹ ẹ̀wù yín bí ó bá dà sí i lára.

Ìkẹrin ni ìdè. Ẹlásíìkì láti ọjà Wuse àti bọ́tìnì onírin tí à ń tẹ̀ mọ́ra ni a fi so apá mọ́ èjìká, tí a fi so àyà mọ́ ẹ̀yìn. Télọ̀ àdúgbò wa ló bá wa rán wọn.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká àpótí láti òkè òkun kò gbọdọ̀ jẹ gbèsè nítorí rẹ̀, nítorí owó rẹ̀ lè ju ti àgbò Iléyá lọ. Páálí àti fóòmù líle tí àwọn aṣebàtà fi ń ṣe sálúbàtà tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gé páálí ṣe àwòṣe, kí ẹ fi wọn ara ọmọ, kí ẹ tó gé fóòmù. Ẹ fi gáàmù funfun tí a pò mọ́ omi kùn ún ní ìgbà mélòó kan kí ó tó gba ọ̀dà. Àwọn tó ń fín ọ̀dà sí ọkọ̀ ní abúlé mẹkáníìkì Apo lè bá yín parí rẹ̀.

ẸẸ̀ṢỌ́ TÓ ṢE PÀTÀKÌ

Gáàmù tó yá kò yẹ àlùwàlá. Bí ó bá gan sí ìka, kò ní jẹ́ kí omi dé ara. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi nígbà tí Magiribi ti kù díẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ àti òróró ni a fi ń rọra bó o. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kọ̀ tí kò ṣí láìdá ọgbẹ́ síni lára, ẹ bi Alfa yín.

Asitóònù, gáàmù àti ọ̀dà ní òórùn tó lè pani lára, iná sì ń tètè ràn mọ́ wọn. Ìta gbangba tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó ṣí ni kí ẹ ti lò ó, kí ó jìnnà sí sítóòfù, jẹnẹrétọ̀ àti oògùn ẹ̀fọn tó ń jó. Ẹ má sì fi ẹ̀wù náà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní oòrùn Àbújá, nítorí ike tẹ́ẹ́rẹ́ a máa ká kò.

Bí àkókò ìrun bá tó, kí ọmọ bọ́ ọ. Kò sí bí iwájú orí àti imú yóò ṣe kan ilẹ̀ nínú àṣíborí, orúnkún kò sì ní tẹ̀ bó ti yẹ.

Ìkìlọ̀ tó ga jù nìyí: kí ọmọ má wọ ọ́ rìn ní ìgboro, kí ó má sì gbé ìbọn ìṣeré jáde rárá. Ìlú tí a kọlu ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ǹbù ní oṣù kẹjọ 2011, tí bọ́ǹbù tún pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ibùdókọ̀ Nyanya ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2014, kì í ṣe ìlú tí ẹni tó bo ojú yóò ti máa rìn kiri. Ọlọ́pàá kò ní béèrè bóyá ike ni.

OHUN TÍ MO RÍ GBÀ

Ẹ̀yin òbí wa, bí ènìyàn méjì bá ń di ike mú kí gáàmù lè gan, kò sí ibi tí èyíkéyìí nínú wọn lè lọ. Ọwọ́ wọn dí, ojú wọn kò sì dojú kọra. Ní irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi sọ fún mi, láìgbójú sókè, pé òun kò fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin tí mo yàn fún òun. Ó ní iṣẹ́ kí á máa ronú nǹkan, kí á yà á, kí á sì fi ọwọ́ ṣe é ni ọkàn òun fẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti wà nínú rẹ̀. Bí àpótí yẹn bá ti jáde kúrò nílé bí mo ti pàṣẹ, bóyá n kì bá tí gbọ́ ọ títí di òní.

N kò ní parọ́ fún yín pé a ti parí ọ̀rọ̀ náà. N kò tíì gbà pátápátá, òun náà kò sì tíì yí padà. Ṣùgbọ́n a ti ń sọ ọ́. Mo ti wọn ẹ̀kọ́ kan mọ́ ọn lára láìwo bí ara rẹ̀ ti rí, bí òun náà ti gé ojúgun láìwọ̀n.

Ní ọjọ́ tí a parí rẹ̀, ó wọ yàrá lọ pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ tí ike ń kan ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ó pè mí. Bí a ti ṣe ẹ̀wù yìí, ẹni kan kò lè dá a wọ̀ tán, nítorí ìdè ẹ̀yìn rẹ̀ wà níbi tí ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ kò lè dé. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t’àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ó ní, “Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dè é.”

Mo dè é. Kí Ọlọ́hun fún wa ní etí tí a ó fi gbọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì ṣe wọ́n ní ìtutù ojú fún wa. Àmín.